Ọmọ Ọdẹ Nínú Ọgbà Ẹranko Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará ilé, ìbéèrè yín ti pọ̀ látìgbà tí mo ti dé. Ẹ bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo fọwọ́ kan kìnnìún. Ẹ bi mí bóyá àwọn ará Ìbàdàn máa ń sanwó kí wọ́n tó wo ọ̀bọ, ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo wa lóko lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbọ́ pé mo máa ń kí ẹranko, wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí bíi pé orí mi ti yí. Màá dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rìn, nítorí ọ̀rọ̀ kìnnìún kọ́ ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Ẹtu ni, ẹtu kékeré tí gbogbo yín mọ̀ dáadáa nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ojú Bàbá mi

Ẹni tí kò bá mọ bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní ilẹ̀ Yàgbà wa níbí, ọdẹ ọ̀sán tó ń fi ẹsẹ̀ wá ẹran, tí kò ka pàkúté sí iṣẹ́ gidi. Wọn kò bí ọmọkùnrin. Èmi Ọdẹ́bùnmi, àkọ́bí wọn, ni mo ń gbé àpò tẹ̀lé wọn láti kékeré. Wọ́n kọ́ mi ní ìrìn kí n tó mọ ìwé kà: etí ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ á rọra tẹ̀ lé e. A kì í wúkọ́ nínú igbó. A kì í dárúkọ ẹran. Bí "okun o" ṣe pọ̀ lẹ́nu wa tó, tí ayé fi sọ wá ní ará Okun nítorí ìkíni yẹn, a kì í kí ẹnikẹ́ni tí a bá pàdé níbẹ̀. Bí mo bá rí ẹran, èjìká bàbá mi ni màá fọwọ́ kàn, ọ̀tún tàbí òsì, wọ́n á sì mọ ibi tí ìbọn máa kọjú sí.

Ọdún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kíyè sí i pé ọwọ́ mi ń kan èjìká yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ilé ìwòsàn fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i, ojú kò gbọ́. Wọn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń rìn pẹ̀lú wọn mọ̀.

Àsìkò yẹn náà ni dókítà màlúù tó máa ń wá sí àgbègbè wa sọ fún mi pé wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ sí ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Wọ́n á kọ́ èèyàn bí a ṣe ń ran dókítà ẹranko lọ́wọ́, bí a ṣe ń tọ́jú eku inú yàrá àyẹ̀wò, ẹran inú ọgbà àti ẹran inú igbó. Mo rò pé bàbá mi á kọ̀. Wọ́n ń fi epo nu ìbọn wọn.

"Lọ," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ẹni tó bá mọ inú ẹran, á mọ ibi tí ẹran máa gbà. Ṣùgbọ́n tí o bá parí, kí o padà wá jẹ́ ojú mi. Mi ò lè dá wọgbó mọ́."

Mo ṣèlérí. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí n kò bá mú ìlérí yẹn ṣẹ, bàbá mi á jókòó sílé bí àgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì lè pa wọ́n kí ọjọ́ wọn tó pé. Wọ́n wá gbé itan ẹtu gbígbẹ méjì lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan wà fún ẹni tó bá gbà mí sílé, ìkejì wà fún ẹni tó bá máa kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ wọn kò gbọdọ̀ wọ ìlú onílùú lọ́wọ́ òfo.

Agbowó

Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni ohùn àwọn tó ń ta nǹkan lójú fèrèsé ń yí padà. Ní Ìlọrin, mo ṣì ń gbọ́ra pẹ̀lú wọn dáadáa. Nígbà tí a fi máa dé Ọ̀yọ́, èmi ni wọ́n ń bi pé "Kí lo wí?" Obìnrin tó jókòó tì mí ti ń gbọ́ òórùn ẹrù mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò bi mí lórúkọ, kò bi mí níbi tí mo ń lọ. Ohun tó bi mí ni pé, "Àbúrò, ẹtu ni àbí èsúró?" Mo ní ẹtu ni. Ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn títí a fi dé Ìbàdàn.

Agbowó ni wọ́n bá mi wá ibùgbé sí, àdúgbò tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí gbogbo ilé rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níwájú àti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ mi: mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, mo sì ń dúró gba ìdáhùn. Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn. Ẹnì kejì yẹ àpò rẹ̀ wò. Ọmọkùnrin kan tó gbé ìwé dání dúró, ó ní, "Sista, who you dey find?" Mo ní n kò wá ẹnikẹ́ni, mo kàn ń kí i ni. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì sá kọjá títì.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ará Ìbàdàn kò mọ ìkíni. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́, wọ́n á kí ọ kú ìjókòó, kú ìdúró, kú àtijọ́, wọ́n á kí àwọn èèyàn rẹ nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí omi tí o gbé ka iná á fi gbẹ. Ẹni tí wọn kò mọ̀ ni wọn kì í kí lójú títì. Nílé wa, ẹni tí a kò mọ̀ gan-an la máa ń kọ́kọ́ kí, kí ó lè mọ̀ pé a kò wá bá a jà.

Onílé mi, Àlàájà, rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ròyìn fún wọn. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, arúgbó tó lẹ́wà, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "tó o bá ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá l'Agbowó, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ẹ níbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo fún wọn ní itan ẹtu. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbà á. Wọ́n súre fún bàbá mi tí wọn kò rí rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra béèrè pé, "Ṣé wọ́n dúńbú ẹ̀?"

"Ìbọn ni, mà. Ó ti kú ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

"Ó dáa. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún wọn."

Wọ́n gbé e wọlé. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ará Iléṣà tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ẹran aládùn. Nígbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Mùsùlùmí rere kì í jẹ ẹran tí wọn kò dúńbú. Àlàájà kò dá ẹ̀bùn mi padà, wọn kò sì jẹ́ kí ojú tì mí níwájú ilé. Mo fẹ́ràn wọn láti ọjọ́ yẹn.

Itan kejì

Itan kejì ló kó ìtìjú bá mi. Ọgbà ẹranko tí a ti ń kọ́ṣẹ́ kò jìnnà sí Agbowó, lóòótọ́ sì ni wọ́n ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó wo ọ̀bọ. Ẹni tó ń kọ́ wa ni Dókítà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ará Èkìtì, tí ìdì kọ́kọ́rọ́ wúwo ń dún nídìí wọn níbi gbogbo tí wọ́n bá lọ, tí orin ìjọ kò sì tán lẹ́nu wọn. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo fi ẹrù inú bébà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n tú u. Gbogbo àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ti yí wa ká.

"Kí nìyí?" ni wọ́n béèrè.

"Itan ẹtu ni, mà. Bàbá mi ní kí n gbé e fún ẹni tó máa kọ́ mi níṣẹ́."

Ọkùnrin kan tó gbé garawa dání, tí wọ́n ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Ràímì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ tètè dì í padà o, mà, kí Àdùkẹ́ má wá béèrè ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́ wa." Ẹ̀rín bú. Mo rò pé Àdùkẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dì í padà dáadáa. "Ẹ̀bùn bàbá rẹ dé ọwọ́ mi, mo dúpẹ́," ni wọ́n wí. "Dìde, wá kí Àdùkẹ́."

Ẹtu ni Àdùkẹ́. Abo ẹtu kan ni, ó dúró sábẹ́ igi nínú ọgbà onírin, ó ń jẹ ewé, ojú rẹ̀ tóbi, ó mọ́ roro. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rí ẹtu láyé mi, yálà ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rí bó ṣe ń sá lọ, tàbí òkú rẹ̀. N kò rí i kó máa jẹun rí. Mo dúró níbẹ̀, ojú ń tì mí, n kò sì lè kúrò. Bọ̀ọ̀dá Ràímì sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́tu, orúkọ yẹn ni mo sì jẹ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Eku funfun àti oúnjẹ ìnàkí

Yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, lọ́dọ̀ àwọn eku funfun. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òkété sebẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́: eku kan wà láyé tí wọ́n ń pààrọ̀ ibùsùn rẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀n lórí ìwọ̀n, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kó tó lè fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá lo lọ́fínńdà, ẹ kò gbọdọ̀ wọlé. Bí ẹ bá ń bínú, Dókítà á ní kí ẹ lọ jókòó síta ná, torí eku á gbọ́ ọ lára ọwọ́ yín.

Ibẹ̀ ni ìrìn ọdẹ ti kọ́kọ́ gbè mí. Eku a máa ta gìrì bí bàtà bá dún tàbí bí ilẹ̀kùn bá gbá, ṣùgbọ́n bí èmi bá wọlé, wọ́n á máa sùn lọ. Dókítà yìn mí níwájú gbogbo wa. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi bá iṣẹ́ mu. Mo kọ ọ́ sílé fún bàbá mi, mo ní ìrìn tí wọ́n kọ́ mi ti ń mú orúkọ rere wá fún wọn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹni tó bá wọn ka lẹ́tà náà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Sátidé, a máa ń bá Bọ̀ọ̀dá Ràímì lọ sí ọjà Bódìjà lọ ra oúnjẹ àwọn ẹranko. Ọdún yẹn, epo ọkọ̀ wọ́n, gbogbo nǹkan wọ́n. Nílé Àlàájà, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ là ń fi yí ọjọ́ po, tíì sì ti di nǹkan ọdún. Ṣùgbọ́n ìnàkí ọgbà wa gbọ́dọ̀ mu tíì oní-mílíìkì tirẹ̀ láràárọ̀, nítorí àyà ń dùn ún, inú tíì yẹn ni oògùn rẹ̀ wà. Èmi ni mo ń gbé ife náà lọ. Yóò mu ún, yóò nu ẹnu, yóò sì da ife padà fún mi láìfọ́ ọ. Mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ tí mo bá ń gbà á, n kò mọ ìdí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń mu tíì lásìkò yẹn, ọ̀gá ni.

Ní ti kìnnìún, mo fọwọ́ kàn án. Eyín ló ń dùn ún, Dókítà sì fi ìbọn olóògùn ta á lábẹ́rẹ́ láti òkèèrè. Ó ta gọ́ọ́-gọ̀ọ̀-gọ́ọ́, ó sùn, a yọ eyín, ó jí. Ìyẹn ni kìnnìún tí ẹ gbọ́. Ohun tó wú mi lórí jù ni ìbọn yẹn. Ọmọ ọdẹ ni mí, n kò rí ìbọn tí ẹran ń jí lẹ́yìn rẹ̀ rí.

Àdùkẹ́

Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹran onípátákò, lábẹ́ Bọ̀ọ̀dá Ràímì. Àdùkẹ́ ti lóyún nígbà yẹn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Ràímì ṣì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń gé koríko. Ìdùnnú kò jẹ́ kí n dúró dè wọ́n. Mo ṣí ilẹ̀kùn onírin, mo wọlé bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, etí ẹsẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo sún mọ́ ọn títí tí mo fi ń rí èémí níkùn rẹ̀. N kò sún mọ́ ẹtu alààyè tó bẹ́ẹ̀ rí, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé ara mi.

Ó yíjú padà, ó sì rí mi.

Ó fò. Kò mọ ibi tí ọgbà parí sí mọ́, ó forí sọ wáyà, ó ta padà, ó tún sọ ọ́. Nígbà tó fi máa dúró, awọ itan rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn sí koríko. Mo dúró bí igi. Bọ̀ọ̀dá Ràímì sáré dé, wọ́n sì ké sí Dókítà.

Àwọ̀n ni wọ́n fi mú un. Dókítà fi aṣọ bo ojú rẹ̀, ó sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ nìkan ló ń lù. "Wá di orí ẹ̀ mú," ni wọ́n wí fún mi, bí wọ́n ṣe ń fa abẹ́rẹ́ síta. "Kí o sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kò ríran báyìí. Ohùn rẹ ló máa fi mọ ibi tí o wà." N kò mọ ohun tí ọmọ ọdẹ lè bá ẹtu sọ.

Nígbà tí wọ́n rán an tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wá kọjú sí mi. N kò rí ìbínú lójú wọn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Báwo lo ṣe dé ẹ̀yìn ẹ̀?"

"Mo rìn ni, mà."

"Rìn kí n rí i."

Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà wá. Bọ̀ọ̀dá Ràímì kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń ṣa koríko. Wọn kò mọ̀ títí mo fi dé ẹ̀yìn wọn gan-an. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ta gìrì, wọ́n ní, "Lá ìláhà ilalláhù. Ọmọ yìí, ìgbà wo lo débí?"

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni Dókítà béèrè.

"Bàbá mi, mà. Ọdẹ ni wọ́n."

Wọ́n mi orí. "Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹran tó bá gbọ́ ẹ láti òkèèrè, á mọ̀ pé o ò wá pa òun. Èyí tí kò gbọ́ ẹ títí tó fi rí ẹ, ikú ló rí yẹn. Eku inú yàrá fẹ́ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹran igbó fẹ́ kí o kan ilẹ̀kùn."

Nígbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí garawa Bọ̀ọ̀dá Ràímì fi máa ń ró kí wọ́n tó yọ, tí kọ́kọ́rọ́ Dókítà fi ń dún, tí wọ́n sì ń kọrin. Mo ti rò pé ara kò balẹ̀ fún wọn ni. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ní ohùn tirẹ̀, ẹran sì mọ olúkúlùkù mọ́ ohùn rẹ̀. Dókítà ní kí n lọ wá tèmi.

Ohùn

Mo kọ́kọ́ fi àtẹ́wọ́ gbìyànjú. Àwọn ọ̀bọ tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n rò pé mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Mo gbìyànjú orin, ohùn mi há. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, bí mo bá ti rí ẹran, ọ̀fun mi á padé fúnra rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé kí wọ́n lọ ra agogo fún mi ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ó sú mi, àárò ilé sì ń sọ mí. Mo ṣáà sọ ohun tí mo máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo nílé wa. Mo ní, "Okun o."

Etí Àdùkẹ́ yí sí mi. Kò sá. Mo gbésẹ̀ kan, mo tún ní, "Okun o." Ó ń wò mí, ó ń jẹnu.

"Ará Okun ti dé," ni Bọ̀ọ̀dá Ràímì wí lẹ́yìn mi, wọn kò sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni mo ṣe ń kí i wọlé lójoojúmọ́ tí mo bá fẹ́ wẹ ojú egbò rẹ̀. A máa ń fi aṣọ bo ojú rẹ̀, èmi á sì máa bá a sọ̀rọ̀ ilé wa: ọ̀rọ̀ odò, ọ̀rọ̀ àgbálùmọ̀, ọ̀rọ̀ bàbá mi pàápàá, ẹni tí ì bá ti yìnbọn fún un. Egbò náà jiná. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó bí ọmọ kan tí kò tó ológbò. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì fi pamọ́.

Mo wá fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn náà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń ti ọ̀nà títì bọ̀ wá sílé. Àlàájà wà lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn, wọn kò tíì gbójú sókè tí wọ́n fi ní, "Káàbọ̀, Bùnmi."

"Ẹ ò tíì rí mi, mà."

"Mo ti ń gbọ́ ẹ láti orígun títì. Nígbà tó o kọ́kọ́ dé, ńṣe lo máa ń yọ sí mi bí òjìji. Báyìí, tó o bá ń bọ̀, gbogbo ilé á mọ̀. O ti di èèyàn."

Wọ́n sọ ọ́ láti fi yìn mí ni. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá, mo sì gbìyànjú ìrìn bàbá mi láti ògiri dé ògiri. Ẹsẹ̀ mi ń lu ilẹ̀. Ohun tí wọ́n fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́ mi ti ń tán lára mi, mo sì ti ṣèlérí pé màá padà wá jẹ́ ojú wọn nínú igbó. Ojú tó ń pariwo, kí ni ọdẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀rù bà mí gidigidi, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ilé

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, Bọ̀ọ̀dá Ràímì fún mi ní garawa kékeré kan. Dókítà fún mi ní ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán egbò, àwọn ni mo fi ń tọ́jú ewúrẹ́ yín báyìí. Àlàájà súre fún mi títí ọkọ̀ fi fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo lọ kí Àdùkẹ́ níkẹyìn. Kò gbójú sókè nínú ewé tó ń jẹ, inú mi sì dùn sí i.

Bàbá mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí wọn láti òkèèrè, wọ́n sì yíjú sí ibi tí ohùn mi ti wá. Nígbà tí mo dé iwájú wọn láìsọ̀rọ̀, ojú wọn ṣì kọ sí ibi tí mo ti kọ́kọ́ dúró. Nígbà náà ni mo mọ bó ṣe burú tó.

Mo sọ ìtàn ìbọn Dókítà fún wọn. Wọ́n ní, "Ìbọn tí ẹran ń jí lẹ́yìn ẹ̀? Kí ni wọ́n wá ń yìn ín fún?" A rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Tó o bá ti sinmi tán, a máa wọgbó."

A wọgbó lówùúrọ̀, lásìkò àgbálùmọ̀. Oòrùn ṣì ń fi òjìji nǹkan hàn wọ́n, ìyẹn nìkan náà ni. Mo ṣíwájú, mo ń fi gbogbo agbára mi rántí: etí ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì, mo dúró, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí wọn tí wọ́n na ọwọ́ síwájú nínú afẹ́fẹ́, mo rò pé ewé ni wọ́n ń ṣán.

Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ẹtu kan dúró, ó ń jẹ èso tó bọ́ sílẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo fọwọ́ kan èjìká wọn lápá ọ̀tún. Ìbọn gbéra. Ẹtu náà ń jẹnu. N kò ní parọ́ fún yín pé mo rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi ló ṣàdédé là, ó ní, "Okun o."

Ẹtu gbórí sókè, ó wò wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá mi kò yìnbọn. "Ta lò ń kí?" ni wọ́n béèrè.

"Ẹtu ni, Bàbá."

"O rí i, o wá kí i."

Mo kúnlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ. "Ẹnu mi ló kí i, Bàbá. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níbẹ̀ nìyẹn. Mo ṣèlérí pé màá jẹ́ ojú yín, mi ò lè ṣe é mọ́."

Wọ́n fọwọ́ wá gbòǹgbò igi, wọ́n jókòó. Wọ́n yọ ọta inú ìbọn, wọ́n fi í sápò.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ ẹ́ nù," ni wọ́n wí. "Bí mo ṣe kọ́ ẹ náà lò ń rìn, mi ò gbọ́ ibi tó o wà. Ẹ̀rù bà mí, Ọdẹ́bùnmi. Èmi, nínú igbó yìí. Ìgbà tó o kí ẹran yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé o ò jìnnà sí mi."

Wọ́n fi ìbọn ti ara wọn dìde, wọ́n sì gbé e kọ́ èjìká mi.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé. Má yọ́ rìn mọ́. Máa kí nǹkan lọ, kí n máa gbọ́ ẹ."

Mo ṣíwájú. Mo kí igi àgbálùmọ̀. Mo kí odò kékeré tí a máa ń fo kọjá, mo kí òkúta tó wà létí rẹ̀ kí wọ́n má bàa fẹsẹ̀ kọ ọ́. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn mi, kò yára, kò dúró. Nígbà tí a fi máa dé etí oko, bí mo bá ti ní "Okun o," bàbá mi á dáhùn nínú igbó pé, "Okun."